Wáyà kan, wáyà méjì: Bí ohùn ẹ̀rọ CD inú ilé ṣe rí ọ̀nà wọ sítúdíò rédíò

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CD tí wọ́n ṣe fún ìlò inú ilé, ẹ máa rí ihò róbótó kékeré kan tí ohùn ń gbà jáde gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà. Wáyà ẹlẹ́yọ kan, tó ní ìbòrí tí wọ́n hun yí i ká, ló ń wọ inú ihò náà.

Ẹ wá lọ sí sítúdíò rédíò. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ihò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tó máa ń wà lára wáyà máíkì.

Nọ́ńbà ohùn tó ń gba inú méjèèjì kọjá kò yàtọ̀. Síbẹ̀, wáyà ti ọ̀kan kò lè wọ inú ihò èkejì. Ìdí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kí CD tó dé, láyé tẹlifóònù àkọ́kọ́.

Ilẹ̀ kan náà, iná méjì

Oṣù Kẹta, ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń na wáyà tẹ́lígíráàfù nígbà náà ni wọ́n ṣe na ti tẹlifóònù: wáyà irin kan ṣoṣo láti ilé kan dé èkejì, tí ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ gan-an sì ń dá iná padà. Carl August von Steinheil, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ti fi hàn lọ́dún 1838 pé ilẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ wáyà kejì. Èyí dín ìnáwó kù gidi fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́lígíráàfù.

Tẹ́lígíráàfù kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ariwo, torí àmì tó ń já tó ń so ló ń gbé. Àmọ́ etí ènìyàn ló wà ní ìdí tẹlifóònù. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀, àti lára wáyà tẹ́lígíráàfù tó bá wà nítòsí, ló ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàrin ìgboro àwọn ìlú Amẹ́ríkà, bíi Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia lọ́dún 1888, ọ̀rọ̀ náà kọjá àmúmọ́ra. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí náà ń fi ojú irin àti ilẹ̀ dá iná tiwọn padà. Ẹni tó gbé tẹlifóònù sétí á wá máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá ní òpópónà dípò ẹni tó pè é.

Oògùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Oṣù Keje, ọdún 1881 ni Bell gba ìwé àṣẹ mìíràn, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ta kókó: kí wọ́n fi wáyà méjì rọ́pò wáyà kan àti ilẹ̀, kí wọ́n sì lọ́ wọn mọ́ra bí okùn.

Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kò yára gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ na wáyà méjì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ra wáyà ní ìlọ́po méjì. Ká sòótọ́, ọkọ̀ ojú irin ló fipá mú wọn.

Bí wáyà méjì ṣe ń pa ariwo

Ẹ wo àwọn méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó ẹnìkan bá ṣe ń lọ sókè ni ti èkejì ń bọ̀ nílẹ̀. Bí iná ṣe ń ṣe lára wáyà méjèèjì nìyẹn. Ohùn kan náà ni wọ́n ń gbé, àmọ́ bí ti ọ̀kan bá ń gòkè, ti èkejì á máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà ní òpin wáyà kì í ka ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì ló ń kà.

Ariwo kò mọ irú eré bẹ́ẹ̀. Nítorí pé wáyà méjèèjì lọ́ mọ́ra, bí ariwo ṣe kan ọ̀kan ló ṣe kan èkejì, ó sì ń gbé àwọn méjèèjì sókè pọ̀. Tí ẹ̀rọ bá ti yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn ni yóò ṣẹ́kù. Wáyà onídọ́gba ni a máa pe irú èyí. Wáyà ẹlẹ́yọ kan, tó ń fi ìbòrí ara rẹ̀ ṣe ọ̀nà àbọ̀, kò ní ààbò yìí.

Ohun èlò kejì ni tíráńsífọ́mà, kì í sì í ṣe èyí tó wà lórí òpó ládùúgbò nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1831, ní London, Michael Faraday wé wáyà méjì tí kò kan ara wọn sára òrùka irin kan. Ó rí i pé bí iná inú ọ̀kan bá yí padà, iná á jí nínú èkejì, òòfà inú irin ló sì ń gbé e kọjá. Ọ̀rọ̀ ń kọjá, wáyà kò kan wáyà. Èyí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti so wáyà ẹlẹ́yọ kan mọ́ apá kan tíráńsífọ́mà, kí wáyà onídọ́gba sì jáde ní apá kejì.

Ohun tí rédíò jogún

Nígbà tí rédíò dé, ọ̀dọ̀ tẹlifóònù ló ti yá ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pàápàá, wáyà ni rédíò kọ́kọ́ bá wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Freetown bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1934. Accra tẹ̀lé e ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1935, lábẹ́ Gómìnà Arnold Hodson tó ti ṣe gómìnà Sierra Leone tẹ́lẹ̀. Èkó náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà.

Wọ́n á gba ètò láti London lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á wá fi wáyà pín in sí ilé àwọn tó ń sanwó fún un. Àpótí tó ń sọ̀rọ̀ lára ògiri yìí ni àwọn Yorùbá ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Nínú sítúdíò, wáyà onídọ́gba di àṣà, torí wáyà máíkì lè gùn láti yàrá kan dé òmíràn, ohùn tó sì ń gbé kéré púpọ̀. Ihò XLR tí ilé iṣẹ́ Cannon ní Los Angeles ṣe ló wá gbajúmọ̀ fún un: ẹsẹ̀ méjì fún ohùn, ẹ̀kẹta fún ìbòrí.

Àwọn ará ilé ní tiwọn ń lo ihò róbótó tí ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà mú jáde ní àwọn ọdún 1930 láti fi so ẹ̀rọ àwo orin mọ́ rédíò. Kò wọ́n, wáyà rẹ̀ kì í sì í gùn. Fún ẹni tó gbé ẹ̀rọ méjì lé ara wọn nínú pálọ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

CD dé, ilé àti sítúdíò pín yà

Oṣù Kẹta, ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ Philips fi ẹ̀rọ CD han àwọn oníròyìn ní Eindhoven, ní orílẹ̀-èdè Netherlands. Òun àti Sony ti Japan ló jọ parí ètò rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1982, ilé iṣẹ́ PolyGram bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ CD fún títà ní Langenhagen, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Hannover ní Jámánì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá ọdún náà, ẹ̀rọ CDP-101 ti Sony jáde sọ́jà ní Japan.

Lórí CD, wọ́n ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, fún etí ọ̀tún àti etí òsì, bíìtì 16 sì ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá ń gba wáyà jáde, pẹ̀lú àwọn àmì tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ó ń di bíìtì 2,822,400 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀nà tí Sony àti Philips là fún ìlò ilé ni wọ́n ń pè ní S/PDIF. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ihò RCA àtijọ́ ni wọ́n lò fún un, pẹ̀lú wáyà 75 ohm àti ìdajì fólítì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Toshiba náà mú okùn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé nọ́ńbà jáde lọ́dún 1983, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú tirẹ̀ rárá.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, AES, tí ibùdó rẹ̀ wà ní New York, gbé ìlànà tirẹ̀, AES3, jáde lọ́dún 1985 fún sítúdíò. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, 110 ohm, fólítì 3 sí 10, ihò XLR. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1992, ó di fólítì 2 sí 7. Wáyà onídọ́gba ti wà nínú ògiri àwọn sítúdíò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọ́ ògiri nítorí CD.

EBU, ìyẹn àjọ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ilẹ̀ Yúróòpù, gba ìlànà kan náà, àmọ́ wọ́n fi ohun kan lé e: tíráńsífọ́mà di dandan. AES ní tirẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù. Ọ̀rọ̀ EBU ló bá ayé mu jù, torí nínú ilé ńlá kan, iná yàrá kan àti ti èkejì lè wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìdajì fólítì níwájú fólítì méjì

Ní Nàìjíríà, òfin ìjọba ológun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 38, ti ọdún 1992, ló ṣí ilẹ̀kùn rédíò fún àwọn aládàáni. Raypower bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1994, Joy FM sì bẹ̀rẹ̀ ní Accra lọ́dún 1995. Ìgbà CD nìgbà náà. Ẹ̀rọ CD tí wọ́n ṣe fún sítúdíò wọ́n fíìfíì ju ti ilé lọ, bẹ́ẹ̀ ohùn tó wà lórí àwo kò yàtọ̀.

Kí ni ẹni tó ní ẹ̀rọ ilé lè ṣe? Tíráńsífọ́mà kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí ihò RCA wà ní ẹnu rẹ̀ kan, tí XLR wà ní èkejì. Ó ń sọ 75 ohm di 110, ó sì ń sọ ìdajì fólítì di nǹkan bíi 0.6.

Ẹ̀yin tó ń ṣe ìṣirò á ti rí i pé 0.6 kò sún mọ́ fólítì 2 tí ìlànà sọ. Lóòótọ́ ni. Ohun tó ń gba èèyàn là ni pé ìlànà kan náà pa á láṣẹ pé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn gbọ́dọ̀ lè ka àmì tí kò ju ìdá márùn-ún fólítì kan lọ. Bí wáyà kò bá gùn, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá gùn, ó di dandan kí wọ́n lo àpótí tó ní iná tirẹ̀, tó máa gbé fólítì náà sókè.

Àwọn kan máa ń gé wáyà, wọ́n á so ààrin RCA mọ́ ẹsẹ̀ kejì XLR, wọ́n á so ìbòrí mọ́ ẹsẹ̀ kìíní àti ẹ̀kẹta. Ó lè kọrin. Àmọ́ kò sí ìdọ́gba níbẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀rọ méjèèjì sì ti so pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìhùn iná 50 hertz, ì báà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti jẹnẹrétọ̀, kì í wọ inú nọ́ńbà kó di ìhùn. Bí ìdàrúdàpọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á ṣi nọ́ńbà kà, orin á sì máa já tàbí kó máa ta pàù. Ṣùgbọ́n ìbòrí tó so ilẹ̀ ẹ̀rọ CD mọ́ ilẹ̀ sítúdíò ń fún iná kékeré láyè láti máa yípo, ìhùn rẹ̀ sì lè yọ níbòmíràn, lórí máíkì tàbí lórí wáyà tó ń lọ sí ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ẹnjiníà lè máa tú máíkì palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀rọ CD ni wàhálà ti wá. Tíráńsífọ́mà ń gé ìyípo náà.

Bíìtì tó ń sọ ẹni tó ni ẹ̀rọ

Ohun kan wà tí tíráńsífọ́mà kò lè yí padà. Láàrin nọ́ńbà ohùn, àmì mìíràn ń kọjá, bíìtì 192 ní ìdìpọ̀ kan. Bíìtì àkọ́kọ́ ń sọ bóyá ilé ni ohùn náà ti wá tàbí sítúdíò.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lásán, àmọ́ owó wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1987, DAT dé, kásẹ́ẹ̀tì tó lè da CD kọ láìsí àdánù kankan. Ẹ̀rù ba àwọn ilé iṣẹ́ orin. Lọ́dún 1992, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ díjítà fún ìlò ilé ní ètò tó ń gba àdàkọ ìpele kan ṣoṣo láàyè. Ẹ̀dà kò gbọdọ̀ bí ẹ̀dà. Òfin náà kò kan ẹ̀rọ sítúdíò.

Báyìí ni ìyàtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí iye owó wáyà ṣe wọ inú ìwé òfin. Ibi tí ẹ̀rọ ilé kọ àmì àdàkọ sí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ẹ̀rọ sítúdíò ń wá níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ sítúdíò kan kò kà á sí, àwọn mìíràn sì kọ̀ láti gba ohùn náà wọlé, kódà bí wáyà bá pé. Àwọn olórin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń da kásẹ́ẹ̀tì wọn kọ lọ́jà kò jàǹfààní kankan nínú ètò yìí, torí kásẹ́ẹ̀tì lásán kò ní bíìtì tí ẹnikẹ́ni lè fi dí i lọ́nà.

Ní ọdún 1995, àwọn onísítúdíò fúnra wọn padà sí wáyà ẹlẹ́yọ kan. AES gbé àlàyé AES-3id jáde nítorí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, tí wáyà 75 ohm ti pọ̀ nílẹ̀ wọn fún àwòrán: fólítì kan, wáyà ẹlẹ́yọ kan tó ní ìbòrí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ CD inú ilé.

Lọ́dún 2013 ni AES67 dé, ìlànà tó ń gbé ohùn gba inú wáyà kọ̀ǹpútà. Ẹ la irú wáyà bẹ́ẹ̀: mẹ́jọ ni wọ́n, tí wọ́n lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì, tíráńsífọ́mà kékeré sì ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ihò.