Gángan, Gítà àti Máìkì: Ìtàn Ohùn Orin Ojú Agbo ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti Agbègbè Rẹ̀

Ní ọdún 1862, àwọn ọmọlẹ́yìn Kòsọ́kọ́ padà láti Ẹ̀pẹ́ sí Èkó. Agboolé 21 ni wọ́n tẹ̀ dó sí lábẹ́ Òṣòdì Tápà, ibẹ̀ ni a sì mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Nínú àgbàlá irú agboolé bẹ́ẹ̀, ohùn ẹnu lásán tó fún olórin láti kárí àwùjọ rẹ̀. Orin jùjú tí Túndé King gbé jáde fún Parlophone ní 1936 bá irú àyè yìí mu: gítà-báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1948, Àkànbí Wright mú gángan wọ inú jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè so máìkì mọ́ ara gítà rẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé ẹ̀rọ ló ṣílẹ̀kùn fún ìlù, ṣùgbọ́n ìtòtẹ̀léra ọdún méjèèjì kò fara mọ́ èrò yìí. Ìlù ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ ló wá gba gítà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ I. K. Dairo, Ebenezer Obey àti Sunny Adé fẹ̀ sí i, tí gítà àti ìlù ń pọ̀ lójú agbo kan náà.

Ariwo nìkan kọ́ ni ìlọsíwájú. Nígbà tí Beatles ṣeré ní Shea Stadium ní New York ní 1965, èrò lé ní 55,000, síbẹ̀ igbe àwọn olólùfẹ́ bo orin mọ́lẹ̀, àwọn olórin pàápàá kò gbọ́ ara wọn. Ohun tó tún irú ọ̀ràn yìí ṣe ni sípíkà tí a kọjú sí olórin fúnra rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìpòhùnpọ̀ tí ń fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ọ̀ràn náà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé Yorùbá, nítorí pé gángan ń sọ̀rọ̀. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ni oríkì tó ń kì dúró lé. Bí gítà olóhùn ìsàlẹ̀ bá bò ó, ìró lásán ló kù. Olóde yóò jókòó láìgbọ́ oríkì baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nítorí oríkì ló ṣe fẹ́ dìde náwó. Àdúgbò tóóró bí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tún ń dá kún un: ara ògiri ni ohùn sípíkà ńlá ti ń ta padà, tí ọ̀rọ̀ ń gorí ọ̀rọ̀. Sípíkà tí wọ́n ń so kọ́ ní ìtòtẹ̀léra, tó gbilẹ̀ láti 1992 tí V-DOSC ti jáde ní ilẹ̀ Faransé, lè darí ohùn sí èrò dípò ògiri, ṣùgbọ́n gbàgede bíi Tafawa Balewa Square ló bá a mu ju ojú títì tí wọ́n ta àtíbàbà sí lọ.

Àwọn ajíwéré, tí fújì ti ara wọn jáde, kò ní wàhálà yìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ohùn wọn kiri lóru Ààwẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.