*ÀRÙN KÒGBÓÒGÙN TI Ń GBỌ́ OÒGÙN*



"Àrùn kògbóògùn" ni àwa Yorùbá ń pe HIV. Nígbà tí orúkọ náà jáde, irọ́ kọ́. Lónìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

Ọdún 1987 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́, AZT. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń lò ó, tọ̀sán tòru. Ara kọ́kọ́ ń mókun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí kòkòrò náà fi gbọ́n ju oògùn kan ṣoṣo lọ. Ní 1996 ló wá hàn gbangba pé bí oògùn mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀, apá wọn ká a. Àwọn tó ń retí ikú dìde lórí ibùsùn.

Ìròyìn ayọ̀ yìí kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ 1997, Fẹlá kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, ló sọ fáráyé pé éèdì ni. Ní 2002, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn ní ₦1,000 lóṣù. Ní 2006, ó di ọ̀fẹ́. Lónìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà nínú hóró kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kòkòrò yìí ń wá àyè. Fífo oògùn ni àyè náà. Nítorí náà:

✅ Ẹ lò ó ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó bí ẹ bá ti rántí. Ẹ má lo méjì pọ̀.

✅ Ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

✅ Oògùn ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù àti oògùn ọgbẹ́ inú lè dí dolutegravir tó wà nínú hóró náà lọ́wọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì bí ẹ ó ṣe pín àkókò wọn.

✅ Bí ẹ bá ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà.

Oògùn kò tíì lé kòkòrò náà jáde pátápátá o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí kòkòrò náà mọ́, kò ní kó o ran ẹnì kejì rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń lò ó, ẹ bò ó láṣìírí. Ìtìjú ló ń mú kí ẹlòmíràn fi oògùn pamọ́ títí yóò fi máa fò ó.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.