Láti Ẹgàn dé Igbó Ọba: Ọ̀rọ̀ Onílẹ̀ Lórí Igbó Rẹ̀

Ní ọdún kan tí a ń yẹ ìwé ìdánwò wò, a bá gbólóhùn kan pàdé nínú àròkọ ọmọ ilé-ìwé kan. Ọmọ náà kọ ọ́ pé ẹgàn ni bàbá àgbà òun là kí abúlé àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò ti fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ ẹgàn, ó sì yọ máàkì. Lójú tirẹ̀, ẹ̀gàn ni ọmọ náà fẹ́ kọ, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi àdá la ẹ̀gàn. A kò sọ èyí láti fi akẹgbẹ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹgàn rí. Bí ẹnìkan bá sì bi wá léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹgàn, igbó, ijù àti ọ̀dàn, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wa lójú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ó mú wa yẹ ìtàn igbó ilẹ̀ Yorùbá wò. Ohun tí a rí ni pé bí ẹgàn ṣe ń kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ọ̀rọ̀ mìíràn, igbó ọba, ń gba ipò rẹ̀. Ìtàn tí ó sì wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ìtàn igi nìkan. Ìtàn ẹni tí ó ní àṣẹ lórí igi ni. Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni à á kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó wà kí òfin tó dé.

Onílẹ̀ àti igi rẹ̀

Ẹgàn ni igbó tí àdá kò tíì kàn, tí igi rẹ̀ ga, tí òòrùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Igbó lè jẹ́ ẹgàn, ó sì lè jẹ́ oko àtijọ́ tí a fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi. Ijù jìnnà sí ilé, ọdẹ ni ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ inú àròkọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ẹgàn ni ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jogún ilẹ̀ náà. Nítorí náà, tí ọmọ yẹn bá sọ pé ẹgàn ni bàbá àgbà òun là, ẹ̀tọ́ ìdílé rẹ̀ lórí ilẹ̀ ni ó ń sọ, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Onílẹ̀ lè fi ilẹ̀ fún àtọ̀húnrìnwá kí ó dáko. Ẹni náà yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ iṣu tàbí ohun mìíràn, kí ó má baà gbàgbé pé ilẹ̀ ní olówó. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, a kò fún un ní ọ̀pẹ tí ó wà lórí ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Ó lè gbin iṣu àti àgbàdo sí abẹ́ ọ̀pẹ, síbẹ̀ onílẹ̀ ni yóò kọ ẹyìn. Àwọn igbó kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko sí rárá: igbó orò, igbó irúnmọlẹ̀, àti igbó ilé tí wọ́n máa ń dá sí yí odi ìlú ká kí ogun má baà rí ọ̀nà wọlé. Ìrókò kì í ṣe igi tí à ń gé láìṣe ètùtù. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ìjọba kéde ní 1965 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, tí UNESCO sì fi kún ogún àgbáyé ní 2005, ṣì fi ohun tí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa mọ́ hàn wá. Ó jẹ́ nǹkan bí hẹ́kítà 75, láàrin ìlú ńlá.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń sọ pé àwọn bàbá wa kò ba igbó jẹ́ rí. Wọ́n gé e, wọ́n sì sun ún. Ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé ènìyàn kò pọ̀ bí ti òde òní, pé àáké lọ́ra ju ayùn ẹ̀rọ lọ, àti pé oko lè sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ètò wọn dára fún ohun tí wọ́n ṣe é fún. Kò tíì sí ẹni tí ó fi òwò òkèèrè dán an wò. Ìgbà tí ìdánwò náà dé, igi kan péré ni ó gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ́

Igi náà ni ìrẹ́, tí a ń gba oje rẹ̀ ṣe rọ́bà. Ní 1894, nígbà tí Carter jẹ́ gómìnà Èkó, àwọn ará Góòlù Kóòsì, tí ó di Gánà lónìí, wọ inú igbó wa láti fi bí a ṣe ń gba oje náà hàn. Ní 1895, rọ́bà tí wọ́n kó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Ẹ rò ó wò: ohun tí kò sí lọ́jà rárá ní ọdún méjì ṣáájú! Ọ̀bẹ kò sinmi. Wọ́n kọ ara igi yí po, wọ́n kọ ọ́ jinlẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì gé òmíràn lulẹ̀ kí oje rẹ̀ lè tètè jáde tán. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ ìrẹ́ ti kú, òwò náà sì ti wó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ igi yìí, nítorí iṣẹ́ wa ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ewéko ní Kew, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, gba àpẹẹrẹ igi náà, wọ́n ní Kickxia africana ni. Ó di 1899 kí Preuss, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kamẹrúùnù, tó fi hàn pé igi méjì ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan, àti pé èyí tí rọ́bà rẹ̀ dára kì í ṣe èyí tí wọ́n dárúkọ. Funtumia elastica ni ó ń jẹ́ nínú ìwé wọn báyìí. Nínú igbó wa, àwọn ènìyàn ti ń ya ìrẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára akọ ìrẹ́, èyí tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí oje rẹ̀ kò ní láárí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, akọ, ni ó gbé ìmọ̀ tí Kew fi bí ọdún mẹ́rin wá.

Òfin dé

Ìparun ìrẹ́ ni ìjọba fi ṣe ẹ̀rí pé onílẹ̀ kò lè tọ́jú igbó. Ẹ̀rí náà kò mọ́lẹ̀ tó, nítorí ìjọba kan náà ni ó pe àwọn tí yóò kọ́ni ní ọ̀nà àtigba oje wá; ṣùgbọ́n òun ni ó borí. Moloney, tí ó ṣe gómìnà Èkó ṣáájú Carter, ti kọ odidi ìwé kan lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1887. Ní 1897 ni wọ́n dá ẹ̀ka ìjọba tí yóò máa bójú tó igbó sílẹ̀ ní Èkó. Láti ọdún náà títí di 1902 ni àríyànjiyàn lórí òfin igbó fi gbòde. Ohun tí àwọn aṣáájú wa ní Èkó ń sọ kò le láti lóye: kò sí ilẹ̀ tí kò ní olówó ní ilẹ̀ Yorùbá. Igbó tí ènìyàn kò dáko sí lónìí, ìdílé kan tàbí ìlú kan ni ó ni ín. Bí ìjọba bá pè é ní ilẹ̀ òfìfo, ojú ni kò ríran.

Atótónu yìí so èso díẹ̀, nítorí a kò sọ pé gbogbo igbó di ti ìjọba. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí àwọn ọba àti ìgbìmọ̀ wọn fọwọ́ sí yíya igbó sọ́tọ̀, kí wọ́n sì ní ìpín nínú owó tí ó bá ti inú rẹ̀ wọlé. Ní 1903 ni H. N. Thompson, tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Bọ́mà, wá di olórí iṣẹ́ náà ní Gúúsù Nàìjíríà. Lọ́wọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ti rí àṣà pé kí igi kan wà tí òfin dárúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé láìgba ìwé-àṣẹ, kódà bí ó bá wà nínú oko onílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀, ni a ti wí tẹ́lẹ̀. Òfin náà mọ ìyàtọ̀ yìí bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó yí i padà sí onílẹ̀: òun fúnra rẹ̀ wá dà bí àtọ̀húnrìnwá lábẹ́ ìrókò bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọmọ ìrókò bá hù nínú oko kòkó rẹ̀ mọ̀ pé tí ó bá dàgbà, ẹlòmíràn ni yóò gbé ìwé wá gé e, tí yóò sì fi wó kòkó òun. Kí ni yóò mú un dá a sí?

Kí a má sì ṣe fi ẹ̀tọ́ du ẹlẹ́tọ̀ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó náà kọ́ wa ní ohun gidi. Ní Olókèméjì, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, wọ́n ya igbó sọ́tọ̀ ní 1899, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ti gbẹ pátápátá, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ọdún 28, èyí tí iná kò kàn ti ń di igbó ṣíṣú. Èyí tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó ṣì jẹ́ koríko àti igi díẹ̀. Èyí tí wọ́n tètè ń sun wà láàrin méjèèjì. Onílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní bèbè ọ̀dàn lè fi èyí ṣe ọgbọ́n lónìí: bí iná kò bá ṣeé yẹ̀, kí ó tètè jó o, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú koríko.

Igbó ọba

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti agbègbè rẹ̀, wọ́n ya igbó Ṣáṣá sọ́tọ̀ ní 1918; ní 1925 wọ́n pín in sí Ṣáṣá, Olúwa àti Ọmọ. Igbó Ọmọ nìkan tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,000. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Gbogbo igbó báyìí ni àwọn ènìyàn ń pè ní igbó ọba.

Ọba wo? Kì í ṣe aládé. Ọba inú igbó ọba ni ti inú iṣẹ́ ọba àti owó ọba: ìjọba òyìnbó, àti ìjọba tí ó jogún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba igbó lọ́wọ́ onílẹ̀, ó sì gba orúkọ lọ́wọ́ aládé. Ohun tí ènìyàn bá sì pè ní ti ọba, kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ń jí igi gé lóru nínú rẹ̀ kò rò pé ìdílé kankan ni àwọn ń jà lólè. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àṣẹ gómìnà, ọ̀rọ̀ náà kàn gbòòrò sí i ni.

Lórí máàpù àwọn òṣìṣẹ́ igbó, lẹ́tà J ni wọ́n fi ń dá apá igbó Ìjẹ̀bú mọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. Ibùdó kan wà nínú igbó Ọmọ tí ó ń jẹ́ J4 títí di òní. Ẹ bi ọmọ ibẹ̀ léèrè ìlú rẹ̀, J4 ni yóò sọ, yóò sì sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Kí òun náà tó dàgbà, ta ni yóò sọ fún un pé ẹgàn ni ibẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó di lẹ́tà àti nọ́ńbà?

Ní ti ìwé ìdánwò tí a fi bẹ̀rẹ̀, a pe akẹgbẹ́ wa, a jọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, a sì dá máàkì ọmọ náà padà fún un.