Ìjòyè, Ọba àti Ìbúra: Ọ̀nà Dídá Ọba Lẹ́kun ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1215 sí 1267

Ó ti di àṣà láàárín àwọn tí ń kọ́ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òmìnira ní Runnymede, kí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí Magna Carta ní kí ọba má ṣe ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Ìbéèrè tí ó le jù ni pé, bí ọba bá ṣe é ńkọ́, ta ni yóò mú un? Lórí ìbéèrè yìí ni àwọn ìjòyè lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. (Orúkọ náà, ìjòyè, kò bá wọn mu tán. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba, tí ó sì jẹ ọba ní iṣẹ́ ogun nítorí ilẹ̀ náà, ni ọ̀rọ̀ ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí ó jẹ oyè ìdílé láàárín ìlú.)

Kò sí ìdí láti pẹ́ lórí ìwà Ọba John. Ó pàdánù Normandy ní 1204. Léraléra ni ó gba owó tí wọ́n ń san dípò lílọ sógun lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, títí tí ó fi di máàkì mẹ́ta lórí ilẹ̀ ajagun kọ̀ọ̀kan ní 1214; ní oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn alájọṣe rẹ̀ ní Bouvines. Ní oṣù Karùn-ún 1215 àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ London. Ní oṣù Kẹfà, ọba gbà.

Abala 61 ni ó yẹ kí ènìyàn dúró lé. Ìjòyè 25 ni yóò máa ṣọ́ ọba. Bí òun tàbí ìránṣẹ́ rẹ̀ bá rú àdéhùn, mẹ́rin nínú wọn yóò lọ sọ fún un. Bí ogójì ọjọ́ bá sì kọjá tí kò tún un ṣe, àwọn 25 pẹ̀lú gbogbo ará ilẹ̀ yóò gbẹ́sẹ̀ lé ilé olódi rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti dúkìá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀, ayaba àti àwọn ọmọ wọn. Ogun gan-an ni wọ́n sọ di òfin yìí. Àwọn tí ó fẹ̀sùn kan ọba ni adájọ́, àwọn náà ni yóò sì mú ìdájọ́ ṣẹ. Kò yani lẹ́nu pé Póòpù Innocent III fagi lé ìwé náà ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tí John kú ní 1216, tí Henry III, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gorí ìtẹ́, àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ tún ìwé náà gbé jáde, wọ́n sì yọ abala 61 kúrò. Ìwé ti 1225 sọ ohun tí ọba kò gbọdọ̀ ṣe. Kò sọ ẹni tí yóò mú un.

Ti 1258 yàtọ̀. Henry ti ṣèlérí fún Póòpù, owó tí ó lé ní 135,000 máàkì, kí Edmund ọmọ rẹ̀ lè jọba ní Sicily. Kò ní owó náà. Àwọn Lusignan, tí ìyá rẹ̀ bí fún ọkọ mìíràn, sì ń jẹ ọrọ̀ ilẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹrin, àwọn ìjòyè wọ Westminster pẹ̀lú ìhámọ́ra. Ní Oxford, ní oṣù Kẹfà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹni 15 kalẹ̀ tí ọba yóò máa gba ìmọ̀ràn rẹ̀, wọ́n ní kí pálámẹ́ǹtì máa pé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, kí ajẹ́lẹ̀ ọba ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, fún ọdún kan péré. Wọn kò dúró de ìgbà tí ọba yóò ṣẹ̀. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣáájú.

Ṣé ti ara wọn nìkan ni wọ́n ń jà fún? Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́. Simon de Montfort fúnra rẹ̀ fa àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú Faransé sẹ́yìn ní 1259 nítorí ẹ̀tọ́ ìyàwó rẹ̀, àbúrò ọba. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìjòyè gbà pé kí òfin tí ó de ìránṣẹ́ ọba de ìránṣẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Matthew Paris ròyìn pé Simon bínú sí Richard de Clare, Earl Gloucester, nítorí pé ó ń fà sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn ajagun kéékèèké fẹjọ́ sùn pé ọba ti ṣe tirẹ̀, àwọn ìjòyè kò tíì ṣe tiwọn. Láti inú èyí ni òfin Westminster ti jáde.

Orí ìbúra ọba ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní 1261 Póòpù Alexander IV tú Henry sílẹ̀ nínú ìbúra. Ní oṣù Kìíní 1264 Louis IX ti Faransé, tí wọ́n fi ṣe onílàjà, dá ọba láre pátápátá. Ogun ni ó kù. Simon mú ọba ní Lewes, ó sì pe àwọn aṣojú ẹkùn àti ti ìlú ńlá sí pálámẹ́ǹtì ní 1265. Àpéjọ yìí ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìgbèkùn ni ọba tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é wà, ẹni mẹ́ta péré ni ó sì ń yan ìgbìmọ̀ fún un. Wọ́n pa Simon ní Evesham ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ.

Ní Marlborough, ní 1267, ọba tí ó ti ṣẹ́gun náà tún fìdí púpọ̀ nínú òfin 1259 múlẹ̀: olúwa ilẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ipá wọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wá sí kóòtù rẹ̀ láìsí ẹ̀tọ́, kò sì gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá wọn bí ó ti wù ú. Ìgbìmọ̀ ẹni 15 kò sí nínú rẹ̀.