Ìtàn Orúkọ Pétérù

Láti 1921 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté ọkọ̀ òkun sí Àpápá ní Èkó. Ní 1926 ni wọ́n ṣí i. Láti ìgbà náà ni onírúurú ẹ̀yà ti ń wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn sì fi Ajégúnlẹ̀ tí ó wà nítòsí ṣe ilé. Níbẹ̀ ni a ti lè gbọ́ orúkọ kan ṣoṣo ní ẹnu mẹ́ta: onígbàgbọ́ ọmọ Hausa ń jẹ́ Bitrus, ọmọ Ìgbò ń jẹ́ Pita, ọmọ Yorùbá ń jẹ́ Pétérù. Àwa fẹ́ tọ orúkọ náà dé orísun rẹ̀.

Kì í ṣe orúkọ tí a sọ ọ́ nígbà tí a bí i. Símónì ni apẹja náà ń jẹ́ ní Gálílì kí Jésù tó pè é ní Kéfà, èyí tí í ṣe òkúta tàbí àpáta ní èdè Arámáíkì tí wọ́n ń sọ nílé. Nígbà tí a kọ Ìhìn Rere ní èdè Gíríìkì, Jòhánù, orí 1, ẹsẹ 42, gbé Kéfà kalẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀: Petros. Petros ni òkúta, petra ni àpáta. Nítorí náà nínú Mátíù orí 16, ẹni tí ó bá gbọ́ Gíríìkì ń gbọ́ bí orúkọ náà àti àpáta tí Olúwa yóò kọ́ ìjọ rẹ̀ lé ti ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ kíyèsí i pé ìtumọ̀ ni Jòhánù gbé, kì í ṣe ìró.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró ni wọ́n gbé. Petrus ni àwọn ará Róòmù wí. Láti ibẹ̀ ni Pierre ti Faransé ti jáde, àti Pedro ti Potogí, èyí tí àwọn Àgùdà mú ti Brazil bọ̀, tí ó sì di orúkọ ìdílé ní Èkó. Èdè Lárúbáwá kò ní p, nítorí náà Butrus ni ó dà lẹ́nu wọn. Orí bá àwọn Faransé ṣe é, nítorí pierre náà ni òkúta ní èdè wọn títí di òní.

Ní tiwa, Bíbélì Yorùbá tí ó parí ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, fi Pétérù sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi í wé Petros níwájú àwọn ọmọ. T àti r kò lè dúró ti ara wọn lẹ́nu wa, e ni ó là wọ́n. Ọ̀rọ̀ wa kì í sì fi s parí. P wa pàápàá kì í ṣe p wọn, nítorí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni ó jọ ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é lẹ́ẹ̀mejì nínú Àpápá, tí ó sì máa ń dá àjèjì atukọ̀ lágara.

Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Ọmọ tí ń ka Mátíù ní Yorùbá rí Pétérù, ó rí àpáta, kò sì mọ ohun tí ọ̀kan ń wá lọ́dọ̀ èkejì. Àwa kò dá àwọn atúmọ̀ lẹ́bi púpọ̀. Síbẹ̀, Àpáta ń bẹ nínú orúkọ ìdílé Yorùbá, kì bá ti ṣe àjèjì sí wa. (Ilé Ìsìn Pétérù Mímọ́ ni ti Aké ní Abẹ́òkúta: mélòó nínú àwọn tí ń jọ́sìn lábẹ́ òkúta yẹn ni ó ti kíyèsí i?)

Bákan náà ni Ajégúnlẹ̀ rí fún àwọn ará ibẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá. Àwa gbọ́ ajé, a gbọ́ gúnlẹ̀, a sì rí ọkọ̀ tí ó kó ọrọ̀ dé etí omi. Ọmọ Urhobo tàbí Ijaw tí a bí síbẹ̀ lè má gbọ́ ju ìró lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ ti yí i padà, wọ́n ń pè é ní Jungle, èyí tí í ṣe igbó kìjikìji ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.