Ọ̀rọ̀ «rà» àti géèmù orí kọ̀ǹpútà

Ọmọ-ọmọ mi kan bi mí pé: «Bàbá, tí mo bá ra nǹkan, ṣé kì í ṣe tèmi ni?» Dátà rẹ̀ ló tán, géèmù tó fowó rà wá kọ̀, kò ṣí. Ìbéèrè ẹ̀ nítàn nínú o.

Láyé àtijọ́, inú páálí ni géèmù ń wà. Ẹ ra díìsìkì, ẹ gbé e relé, ó parí. Lọ́dún 2003 ni Valve ní Amẹ́ríkà gbé Steam jáde. Nígbà tó di 2004, ẹni tó ra díìsìkì Half-Life 2 pàápàá gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè ta á. Lọ́dún 2008, àwọn ará Pólàndì dá GOG sílẹ̀: ẹ gba fáìlì géèmù yín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbi tó wù yín, kò ní béèrè àṣẹ mọ́.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ní 2024, Ubisoft pa sáfà The Crew. Àtẹni tó ní díìsìkì àtẹni tí kò ní, kò sẹ́ni tó lè ta á mọ́ nígbà náà. Lọ́dún náà ni California ṣòfin pé òǹtajà ò gbọdọ̀ sọ pé èèyàn «ra» irú ọjà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kó yé e pé ìyọ̀ǹda lásán ló gbà. Èyí téèyàn lè gbà sílẹ̀ títí láé, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ni òfin náà yọ sílẹ̀.

Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ẹ ṣe ẹ̀dà èyí tó bá gbà kẹ́ ẹ ṣe é. Òun ni ẹ rà.