Kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù àti Awọ Sẹ́ẹ̀lì Lábẹ́ Ìtẹ̀ Líle

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù sí ọ̀rá tí àwọn dókítà ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Síbẹ̀, ó wà nínú awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa, ara fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀.

Ìpele ọ̀rá méjì ni awọ sẹ́ẹ̀lì. Orí àwọn mólékù ọ̀rá náà kọjú sí omi, ìrù wọn sì wà láàrin. Awọ yìí gbọ́dọ̀ rọ̀ níwọ̀n. Bí ó bá le jù, iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò dúró; bí ó bá rọ̀ jù, yóò máa jò.

Ohun tí ìtẹ̀ ń ṣe

Nígbà ọyẹ́, epo pupa a máa dì nínú ìgò, nítorí òtútù ń mú kí àwọn mólékù rẹ̀ fún mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtẹ̀ ń ṣe sí awọ sẹ́ẹ̀lì. Nínú òkun, mítà 10 kọ̀ọ̀kan ń fi ìtẹ̀ kún un tó gbogbo ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tí ó wà létí òkun. Ní ọ̀gbun Mariana nínú Òkun Pàsífíìkì, tí ó jìn tó nǹkan bí mítà 11,000, ìtẹ̀ náà ju ìlọ́po 1,000 lọ. Lójú awọ ọ̀rá, ó dà bí ẹni pé a dín ooru kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 20 Sẹ́ńtígíréèdì.

Iṣẹ́ kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù

Mólékù kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù le, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń há sáàrin àwọn ìrù ọ̀rá. Nígbà tí ooru bá tú wọn ká, òun ni ó ń dè wọ́n. Nígbà tí ìtẹ̀ bá fẹ́ tò wọ́n gbọọrọ kí wọ́n dì, kì í jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn tò. Nítorí náà, awọ tí ó ní i dáadáa kì í yí padà lójijì. Àwọn ẹja inú ibú tún ní ọ̀rá tí kì í tètè dì nínú awọ wọn.

Ẹ má ṣì í mú

Ìtẹ̀ yìí kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ó tilẹ̀ ga dé 180 kò tó ìdá mẹ́ta ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kan. Kò lè mú kí awọ sẹ́ẹ̀lì dì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bà jẹ́, kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù tí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a sì máa dí àwọn iṣan náà. Nítorí náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò méjèèjì ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, ẹ má sì ṣe dá oògùn dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.